Ìnhélà Búlúù àti Rìsẹ́pítọ̀ Adrenaline: Bí Ẹ Ṣe Lè Lò Ó Tí Sẹ́ẹ̀lì Kò Fi Ní Di Adití sí I

Ẹni tó ń tẹ ìnhélà salbutamol, èyí búlúù, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, tó wá ń sọ pé oògùn náà kò ràn án mọ́, kò parọ́. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ ayédèrú oògùn ni wọ́n tà fún un. Ohun kan ló yí padà lára awọ sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀: rìsẹ́pítọ̀, ìyẹn purotéènì tó yẹ kó gba oògùn náà, ti dín kù, èyí tó ṣẹ́kù kò sì jẹ́ ìpè bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ní ásímà, fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ní in, àti fún nọ́ọ̀sì tàbí oníkẹ́místì tó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lo ìnhélà. Bí rìsẹ́pítọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ la máa kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òfin tí dókítà ń ka síni létí nípa ìnhélà ti wá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìtẹ̀ kan

Adrenaline ni họ́mónù tí ẹṣẹ́ tó jókòó lórí kíndìnrín máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bani tàbí tí a bá ń sáré. Kò lè wọ inú sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, torí ọ̀rá ni awọ sẹ́ẹ̀lì, omi ni adrenaline sì bá mu. Ìta ló ti máa jíṣẹ́ rẹ̀ fún rìsẹ́pítọ̀. Rìsẹ́pítọ̀ ọ̀hún jẹ́ purotéènì gígùn kan tó ní ámínò ásíìdì 413. Ó gún awọ sẹ́ẹ̀lì já lẹ́ẹ̀méje, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà níta, ìrù rẹ̀ wà nínú.

Ọdún 1948 ni Raymond Ahlquist, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé oríṣi méjì ni rìsẹ́pítọ̀ tó ń gba adrenaline. Ó pe ọ̀kan ní alpha, ó pe èkejì ní beta. Nígbà tó yá, wọ́n tún pín beta sí méjì: beta-1 ló pọ̀ lára ọkàn, beta-2 ló pọ̀ lára iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè ṣe salbutamol, tó dé ọjà ní 1969: ó jọ adrenaline tó láti tan rìsẹ́pítọ̀, àmọ́ beta-2 ló fẹ́ràn ju beta-1 lọ.

Bí salbutamol bá ti bọ́ sínú rìsẹ́pítọ̀, ìrísí rìsẹ́pítọ̀ náà á yí padà, apá tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì á ṣí. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní Gs wà níbẹ̀, ẹ̀yà mẹ́ta ló ní, èròjà kékeré kan tó ń jẹ́ GDP ló sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní alpha (èyí kì í ṣe rìsẹ́pítọ̀ alpha ti òkè). Rìsẹ́pítọ̀ tó ti ṣí yìí á mú kó jọ̀wọ́ GDP, èròjà tó jọ ọ́, GTP, á sì gba àyè rẹ̀. Ẹ̀yà alpha á wá yà kúrò lára àwọn tó kù, á gba abẹ́ awọ lọ títí á fi kan ẹ́ńsáìmù kan, adenylyl cyclase. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù yìí ni kó sọ ATP, èròjà agbára sẹ́ẹ̀lì, di cyclic AMP, tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì. Cyclic AMP ló ń jí ẹ́ńsáìmù míì, protein kinase A, òun ló sì ń mú kí kálísíọ̀mù inú iṣan lọ sílẹ̀, kí iṣan dẹ̀, kí ọ̀nà èémí ṣí. Bí oògùn bá dé ibi tó yẹ, a máa ń mọ̀ ọ́n lára láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, agbára rẹ̀ sì ń tó wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà.

Ẹ̀bùn Nobel mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lójú ọ̀nà kúkurú yìí. Earl Sutherland gba ti 1971 lórí iṣẹ́ tó ṣe nípa bí họ́mónù ṣe ń ṣiṣẹ́, níbi tó ti rí cyclic AMP. Alfred Gilman àti Martin Rodbell gba ti 1994 lórí purotéènì G. Robert Lefkowitz àti Brian Kobilka gba ti 2012 lórí irú rìsẹ́pítọ̀ yìí gan-an.

Ohun kan wà níbí tí àwọn tó ń kọ́ni kì í sábà dúró lé, ó sì ṣe pàtàkì. Rìsẹ́pítọ̀ kan ṣoṣo lè jí Gs púpọ̀, adenylyl cyclase kọ̀ọ̀kan sì lè ṣe cyclic AMP rẹpẹtẹ. Nítorí bẹ́ẹ̀, kò dìgbà tí gbogbo rìsẹ́pítọ̀ bá gba oògùn kí iṣan tó dẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ní àfikún. Tí ìdajì rìsẹ́pítọ̀ bá ti lọ, ẹni tí ásímà rẹ̀ rọrùn lọ́jọ́ yẹn lè má mọ̀ rárá. Ọjọ́ tí ọ̀nà èémí bá fún pọ̀ gan-an, tí gbogbo agbára oògùn wúlò, ọjọ́ náà ni àìtó á hàn. Salbutamol fúnra rẹ̀ kì í tan rìsẹ́pítọ̀ dé òpin bí adrenaline ṣe ń tan án, ìdí nìyẹn tí àdánù rìsẹ́pítọ̀ fi ń tètè kan án.

Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń yí etí rẹ̀ padà

Kò sí sẹ́ẹ̀lì tó máa ń jẹ́ kí họ́mónù kan pariwo lé òun lórí títí láìṣe nǹkan kan. Bí ẹni tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ṣe máa ń dẹ́kun à ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń ṣe. Ìpele mẹ́ta ló wà, àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà ló sì yẹ kẹ́ ẹ fọkàn sí.

Èyí àkọ́kọ́ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní GRK máa ń lẹ fọ́sífétì mọ́ ìrù rìsẹ́pítọ̀ tí oògùn wà nínú rẹ̀. Bí fọ́sífétì bá ti wà níbẹ̀, purotéènì míì, beta-arrestin, á wá dì mọ́ ọn, á sì dínà mọ́ Gs. Rìsẹ́pítọ̀ ṣì wà lára awọ, oògùn ṣì wà nínú rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ kò dé inú mọ́. Protein kinase A náà máa ń lẹ fọ́sífétì tirẹ̀ mọ́ ọn, kódà mọ́ èyí tí oògùn kò tíì kàn. Nígbà kan náà, ẹ̀yà alpha ti Gs ń pa ara rẹ̀ bó bá ti sọ GTP di GDP, ẹ́ńsáìmù phosphodiesterase sì ń ba cyclic AMP jẹ́. (Phosphodiesterase yìí ni àwọn oògùn ásímà bíi theophylline àti aminophylline máa ń dí lọ́wọ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń ṣí ọ̀nà èémí láìfọwọ́ kan rìsẹ́pítọ̀.)

Ìpele kejì ń gba ìṣẹ́jú mélòó kan sí i. Beta-arrestin á fa rìsẹ́pítọ̀ lọ síbi tí awọ ti ń tẹ̀ wọnú, awọ á pa dé mọ́ ọn lórí, rìsẹ́pítọ̀ á sì di èrò inú àpò kékeré kan nínú sẹ́ẹ̀lì. Oògùn kankan kò lè rí i níbẹ̀. Bí ariwo bá ti rọlẹ̀, wọ́n á yọ fọ́sífétì kúrò lára rẹ̀, á sì padà sójú awọ, ara rẹ̀ á tún dá ṣáṣá. Ìsinmi tó wà láàárín ìgbà kan tí a lo ìnhélà àti ìgbà kejì ló ń fún un láyè láti padà.

Ìpele kẹta ló ń dáni lóró. Tí ìpè kò bá dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ wákàtí tàbí ọ̀pọ̀ ọjọ́, àwọn rìsẹ́pítọ̀ tó ti wọnú kò ní padà mọ́. Sẹ́ẹ̀lì á kó wọn lọ sínú lysosome, àpò tó fi ń lọ nǹkan, á sì jẹ wọ́n run. Ó tún máa ń dín iye tuntun tó ń ṣe kù. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ìwọ̀nyí fi lè padà ni kí sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ wákàtí kan.

Ẹ̀rí ohun tí èyí lè dá sílẹ̀ kò jìnnà. Ní New Zealand, ikú ásímà ròkè láti 1976, ọdún tí ìnhélà fenoterol dé ọ̀dọ̀ wọn. Fenoterol le ju salbutamol lọ, ìwọ̀n tí wọ́n fi sínú ìtẹ̀ kan sì pọ̀. Nígbà tí wọ́n dín lílò rẹ̀ kù ní 1989, ikú náà já wálẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi salmeterol, tí agbára rẹ̀ ń tó wákàtí 12, kún ìtọ́jú àwọn kan, wọ́n fi ayédèrú tí kò ní oògùn nínú kún tàwọn míì, èèyàn tó lé ní 26,000 lápapọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 28. Ikú tó jẹ mọ́ ásímà jẹ́ 13 lọ́dọ̀ àwọn tó gba salmeterol, ó jẹ́ 3 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Àwọn aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni ewu náà sì hàn lára wọn jù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kìlọ̀ pé ẹni tó ní ásímà kò gbọ́dọ̀ lo irú oògùn ọlọ́jọ́ gígùn bẹ́ẹ̀ láìsí sítẹ́róọ̀dù, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, pẹ̀lú rẹ̀. Kì í ṣe rìsẹ́pítọ̀ nìkan ló fa gbogbo ikú wọ̀nyí. Oògùn tó ń ṣí ọ̀nà èémí láìwo wíwú tó wà nínú rẹ̀ sàn máa ń jẹ́ kí aláìsàn rò pé ara òun ti yá.

Sítẹ́róọ̀dù ló ń dá rìsẹ́pítọ̀ padà

Ìnhélà sítẹ́róọ̀dù, bíi beclometasone tàbí budesonide, kì í ṣí ọ̀nà èémí lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pa á tì. Ọ̀rá bá sítẹ́róọ̀dù mu, nítorí náà ó ń gba inú awọ kọjá láìkan ilẹ̀kùn. Inú sẹ́ẹ̀lì gan-an ni rìsẹ́pítọ̀ tirẹ̀ wà. Àwọn méjèèjì á jọ lọ síbi tí DNA wà, wọ́n á dín àwọn nǹkan tó ń mú ọ̀nà èémí wú kù, wọ́n á sì mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe rìsẹ́pítọ̀ beta-2 tuntun. Ó ń gba wákàtí díẹ̀ kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń gba ọjọ́ àti ọ̀sẹ̀ kí wíwú tó lọ dáadáa. Ẹni tó bá lò ó fún ọjọ́ méjì, tó ní òun kò rí ìyàtọ̀, tó jù ú sílẹ̀, kò tíì fún un láyè.

Ìdí nìyí tí GINA, àjọ tó ń ṣe ìlànà ásímà fún gbogbo àgbáyé, fi yí ọ̀rọ̀ padà ní 2019: àgbàlagbà àti ọ̀dọ́ láti ọmọ ọdún 12 kò gbọ́dọ̀ fi salbutamol nìkan tọ́jú ásímà mọ́, bó ti wù kí àìsàn náà rọrùn tó. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ìnhélà kan ṣoṣo tó ní budesonide àti formoterol nínú. Formoterol ń tètè ṣiṣẹ́ bíi salbutamol, nítorí náà bí àyà bá fún, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan. Sítẹ́róọ̀dù á sì bá a wọlé. Èyí tí wọ́n kọ 200/6 sí lára (máíkírógíráàmù budesonide 200, formoterol 6), kò gbọ́dọ̀ ju ìgbà 12 lọ lóòjọ́ kan, bí ẹ bá sì ti ń sún mọ́ iye yẹn, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Bí èyí kò bá sí tàbí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, ìnhélà beclometasone lójoojúmọ́ pẹ̀lú salbutamol ìgbà tó bá ká yín mọ́ sàn fíìfíì ju búlúù nìkan lọ. Ẹ fi omi yọ ẹnu, kẹ́ ẹ sì tu ú dànù lẹ́yìn sítẹ́róọ̀dù, kí funfun má baà yọ sí ahọ́n.

Ẹ ka ohun tẹ́ ẹ ń lò. Ìtẹ̀ 200 ló wà nínú agolo salbutamol kan, máíkírógíráàmù 100 ni ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ lóòjọ́ á parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ 25. Agolo mẹ́ta sókè lọ́dún kan jẹ́ àmì pé ewu ìkọlù tó le ti ń pọ̀. Agolo 12, ìyẹn ọ̀kan lóṣù, bá ewu ikú rìn. Ẹ kọ déètì sí ara agolo lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí i. Nínú gbogbo ohun tí ẹ lè ṣe nílé, ìṣirò yìí ló rọrùn jù, òun náà ló sì tètè ń tú àṣírí.

Bí ẹ ṣe máa tẹ̀ ẹ́ kó lè dé ọ̀dọ̀ rìsẹ́pítọ̀

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí èèyàn bá ní ìnhélà kò ṣiṣẹ́, ọ̀fun ni oògùn rọ̀ sí, kò dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ dúró tàbí kẹ́ ẹ jókòó ní ìnàró. Ẹ yọ ìdérí, kẹ́ ẹ wo ẹnu rẹ̀ bóyá nǹkan há síbẹ̀. Ẹ mì ín dáadáa, torí oògùn náà máa ń rọ̀ sísàlẹ̀ agolo, ìtẹ̀ tí a kò mì lè ní oògùn jù tàbí kó má tó. Tó bá jẹ́ tuntun, tàbí tó ti tó ọjọ́ márùn-ún tẹ́ ẹ ti lò ó kẹ́yìn, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sínú afẹ́fẹ́. Ẹ mí síta títí dé ibi tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, kì í ṣe sínú ìnhélà. Ẹ fi ètè ká ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ahọ́n wà nísàlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mí sínú díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ sì máa fa èémí náà lọ fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún. Ẹ dá èémí dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, tàbí ibi tí agbára bá mọ. Kí ẹ tó tẹ ìkejì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 60, kẹ́ ẹ tún un mì.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kéèyàn tẹ̀ ẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mí, tàbí kó fà á sáré. Oògùn tó ń sáré kò lè yí kọ́nà. Ẹ̀yìn ọ̀fun ló máa ń kọlù. Ìnhélà oníyẹ̀fun yàtọ̀ ní tirẹ̀: kì í ní agolo tí à ń tẹ̀, fífà tó yá tó sì lágbára ni ẹ fi ń gbé ìyẹ̀fun rẹ̀.

Salbutamol oníhóró tún ń tà gan-an. Hóró 4 mg kan jẹ́ máíkírógíráàmù 4,000. Ìtẹ̀ méjì jẹ́ 200 péré. Hóró yẹn jẹ́ ìlọ́po 20, inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbà dé ibi gbogbo kó tó kan ẹ̀dọ̀fóró. Beta-2 wà lára iṣan apá, ìyẹn ló ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n. Beta-1 àti beta-2 wà lára ọkàn, ìyẹn ló ń mú kó máa lù kì-kì-kì. Pòtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ náà lè lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ní ìnhélà, ẹ má fi hóró rọ́pò rẹ̀ torí pé ó rọrùn láti gbé mì.

Ẹ fọ ike ìnhélà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀: ẹ yọ agolo irin, ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ike náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ má fi agolo sínú omi wò bóyá ó ṣì kún. Àyẹ̀wò yẹn kì í sọ òótọ́. Ẹ má fi ìnhélà sílẹ̀ nínú mọ́tò tó wà nínú oòrùn. Ibi tí kò gbóná ju 30°C lọ ló yẹ ẹ́.

Spacer láti ara ìgò ike

Spacer jẹ́ ike oníhò tí à ń fi sáàárín ẹnu àti ìnhélà. Ó ń dín eré oògùn kù, kò sì dìgbà tí ọwọ́ àti èémí bá ṣe déédéé. Kò sí ọmọdé tó yẹ kó máa lo ìnhélà alágolo láìsí i. Ti ilé ìtajà lè wọ́n. Àmọ́ ní 1999, Heather Zar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cape Town fi hàn pé ìgò ike 500 ml tí a dí etí rẹ̀ dáadáa ṣí ọ̀nà èémí àwọn ọmọdé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń tà. Ìgò tí a kò dí etí rẹ̀ kò ṣe tó bẹ́ẹ̀, ife fóòmù ló sì kẹ́yìn.

Ẹ wá ìgò omi tàbí ọtí ẹlẹ́rìndòdò 500 ml, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́. Ẹ tẹ wáyà kan kó gba ìrísí ẹnu ìnhélà yín gẹ́lẹ́. Ẹ fi iná mú wáyà náà gbóná, ẹ fi jó ihò sí ìdí ìgò, ní òdìkejì ẹnu rẹ̀. Àgbàlagbà ni kó ṣe èyí, níta, torí èéfín ike kò dára fún ẹni tó ní ásímà. Bí ike ṣì ṣe rọ̀, ẹ ti ẹnu ìnhélà bọ ihò náà kó lè fún mọ́ra, kẹ́ ẹ wá fi gọ́ọ̀mù dí etí rẹ̀ yíká. Afẹ́fẹ́ kò gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá. Ike tuntun máa ń ní iná àfarara lára tó ń fa oògùn mọ́ ògiri rẹ̀. Láti pa á, ẹ fi omi tí ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ díẹ̀ sí ṣan inú rẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ jẹ́ kó gbẹ láìfi aṣọ nù ún. Ìfọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù tó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ mi ìnhélà, ẹ fi bọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ọmọ fẹnu mọ́ ẹnu ìgò kó sì mí wọlé mí jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà. Ìtẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin pa pọ̀, oògùn á kóra jọ mọ́ra, ògiri ìgò ni yóò sì lọ.

Bí ẹ ṣe máa dán ìdáhùn rìsẹ́pítọ̀ wò nílé

Ẹ nílò ìwọ̀n èémí tí wọ́n ń pè ní peak flow meter. Ẹ má tíì lo salbutamol fún wákàtí mẹ́rin ṣáájú, àyàfi tí èémí bá ń ni yín lára. Bó bá ń ni yín lára, ẹ gbàgbé àyẹ̀wò, ẹ lo oògùn. Ẹ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kọ èyí tó ga jù sílẹ̀. Ẹ fi spacer lo ìtẹ̀ mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ká ní 250 ni ti àkọ́kọ́, tí ti ìkejì wá di 310: 60 ló fi lé, ìyẹn 24 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdáhùn tó dára ni, torí 20 nínú ọgọ́rùn-ún sókè là ń wá.

Ká ní 250 ló kúrò, tó dé 265 péré ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo bóyá 250 yẹn sún mọ́ iye tó ga jù tẹ́ ẹ ti fẹ́ rí; bí ọ̀nà bá ti ṣí tẹ́lẹ̀, kò sí ibi tó fẹ́ lọ mọ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ agolo ti tán, ó lè jẹ́ ọwọ́ yín kò dára lórí ìnhélà, ó lè jẹ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti wíwú ló dí ọ̀nà, tí kì í ṣe iṣan. Ó sì lè jẹ́ rìsẹ́pítọ̀ ló ti dín kù. Bí ẹ bá ti yanjú ti agolo àti ti ọwọ́, tí iye náà kò yí, oògùn fún méjì tó kù jẹ́ ọ̀kan náà: sítẹ́róọ̀dù. Ẹ kọ iye méjèèjì, kẹ́ ẹ mú ìwé náà lọ bá dókítà.

Nígbà tí ìkọlù bá le

Ẹni tí kò lè parí gbólóhùn kan kó tó mí, tí ètè rẹ̀ ń dúdú, tí oorun ń gbé e lọ, tàbí ọmọ tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ọsibítù ni. Bí àyà tó ń súfèé bá dákẹ́ lójijì láìjẹ́ pé ara yá, ó burú ju ariwo lọ. Afẹ́fẹ́ kò wọlé mọ́ ni. Bẹ́ ẹ ṣe ń wá ọkọ̀, ẹ máa fi spacer fún un ní ìtẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tún un ṣe ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú láàárín wákàtí àkọ́kọ́. Ní irú àsìkò yìí ẹ má ro ti rìsẹ́pítọ̀ tó ń dín kù. Èémí ló ṣáájú.

Ní ọsibítù wọ́n á fún un ní ọ́síjìn. Wọ́n lè fi ipratropium kún salbutamol. Rìsẹ́pítọ̀ mìíràn ni ipratropium ń dí, èyí tí ara fi ń sọ fún iṣan pé kó fún, nítorí náà ó wúlò nígbà tí beta-2 kò gbọ́ mọ́. Wọ́n á sì fún un ní prednisolone, sítẹ́róọ̀dù tí à ń gbé mì. Ó ń gba ó kéré tán wákàtí mẹ́rin kó tó hàn, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó tètè wọlé. Ẹ lò ó parí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ti fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì.

Oògùn tó ń dí rìsẹ́pítọ̀ náà

Àwọn oògùn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jókòó sínú rìsẹ́pítọ̀ beta láìtan án, kí adrenaline má baà ráyè wọlé. Propranolol, tí James Black àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe jáde ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1960 sí 1965, ni baba wọn. Wọ́n ń fi í tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, orí fífọ́ túúlu àti ọkàn tó ń sáré. Kì í yan beta-1 lọ́tọ̀, beta-2 náà ló ń dí. Ẹni tó ní ásímà kò gbọ́dọ̀ lò ó, hóró kan péré lè mú kí ọ̀nà èémí pa dé, salbutamol á sì dé kò ní bá àyè.

Lára ẹni tó ń lò ó fún àìsàn míì, òdìkejì ohun tí a sọ lókè ló ń ṣẹlẹ̀: sẹ́ẹ̀lì tí kò gbọ́ ìpè fún oṣù púpọ̀ máa ń kó rìsẹ́pítọ̀ púpọ̀ sí i jáde sójú awọ. Bí onítọ̀hún bá dá propranolol dúró lójijì, adrenaline ara rẹ̀ á bá rìsẹ́pítọ̀ tó ti pọ̀ pàdé, ọkàn á sáré, àyà lè máa dunni, ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ ti ní àrùn tẹ́lẹ̀ sì lè kó sínú ewu ńlá. Díẹ̀díẹ̀ ni à ń dín in kù, ó ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, dókítà ló sì máa sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é.

Èyí tí ọ̀pọ̀ kì í fura sí ni timolol, oògùn ojú olómi fún glaucoma, àìsàn ojú tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹ̀kán kan nínú ojú máa ń gba ihò omijé sọ̀kalẹ̀ sínú imú, ó sì ń ti ibẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀ láìgba inú ẹ̀dọ̀ kọjá kí ó kọ́kọ́ dín agbára rẹ̀ kù. Bí bàbá tàbí ìyá àgbà bá ní ásímà, tí èémí rẹ̀ wá burú sí i láti ìgbà tí wọ́n ti fún un ní oògùn ojú, ẹ mú ìgò oògùn ojú náà lọ bá dókítà, kẹ́ ẹ ka orúkọ ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ timolol, òun fúnra rẹ̀ tàbí èyí tí wọ́n pò mọ́ nǹkan míì, ẹ béèrè bóyá latanoprost, oògùn ojú míì, nìkan lè gba àyè rẹ̀. Kì í ṣe rìsẹ́pítọ̀ beta ni latanoprost ń lò, nítorí náà kì í dínà mọ́ ìnhélà.